ẸLẸ́SẸ̀ AYÒ TÍ KÌ Í DÚRÓ SÓJÚ KAN: Èéṣe Tí A Fi Fẹ́ràn Rẹ̀ Tó Bẹ́ẹ̀?

Ní Másífà, ní Èjìgbò, àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò ní pẹ́ tí àríyànjiyàn nípa bọ́ọ̀lù yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa jà á níyàn, àwọn baba tí orí wọn ti funfun a sì máa dá sí i. Bí a bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn dáradára, ohun ìyanu kan ni a ó ṣàkíyèsí: kì í ṣe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ déédéé lójoojúmọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń dùn lẹ́nu wọn jùlọ. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rín àti ìmí-ẹ̀dùn sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù bí ẹni pé a bí wọn pọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tí yóò ṣe lọ́la. Lónìí yóò gbá ayò tí gbogbo ènìyàn yóò fi fò sókè. Lọ́la yóò máa rìn káàkiri pápá bí ẹni tí ó wá kí àna rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ràn a máa fi irú ẹni tí àwa fúnra wa jẹ́ hàn, ohun tí a bá sì ń yìn lójú àwọn ọmọ wa ni àwọn náà yóò máa lépa. Nítorí náà ó tọ́ kí a yẹ ọ̀ràn yìí wò pẹ̀lú sùúrù.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ, kò yẹ kí a wá a jìnnà. Augustine Azuka Okocha, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Jay-Jay, ni a bí ní Enugu ní ọdún 1973. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Eintracht Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, ó gba bọ́ọ̀lù kan ní iwájú ilé àwọn ará Karlsruhe. Oliver Kahn ni aṣọ́lé wọn, ọkùnrin tí ó di gbajúmọ̀ aṣọ́lé lẹ́yìn náà. Okocha kò yára gbá a. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó tún padà sọ́tùn-ún. Kahn ń ṣubú, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú, àwọn adènà náà sì ń fi ara wọn sílẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ti bọ́ọ̀lù náà sínú àwọ̀n. Àwọn ará Jámánì tí ń wo eré náà lórí amóhùnmáwòrán yàn án gẹ́gẹ́ bí ayò tí ó dára jùlọ ní ọdún náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, Jupp Heynckes, olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà kan náà, dá Okocha dúró pẹ̀lú Anthony Yeboah ọmọ ilẹ̀ Gáná àti Maurizio Gaudino, nítorí pé ó rí i pé wọn kò fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ ìdánrawò, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà. Ní ọdún 1996, Frankfurt já sílẹ̀ kúrò ní ipò àwọn ẹgbẹ́ ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dá ìdíje náà sílẹ̀, Okocha sì lọ sí Fenerbahçe ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ní ọdún 1998, Paris Saint-Germain ra á ní iye owó tí a kò tíì san rí lórí ọmọ Áfíríkà kankan. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò sì gba ife líìgì ilẹ̀ Faransé ní ọ̀kankan nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Bolton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, nígbà tí Bolton fẹ́rẹ̀ẹ́ já sílẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù láti ìhà tiwọn, ó sáré la àárín àwọn ará West Ham kọjá, ó sì gbá a sínú àwọ̀n láti òkèèrè. Ayò kan ṣoṣo ni a gbá ní ọjọ́ náà. Ní òpin ọdún eré, West Ham já sílẹ̀ pẹ̀lú máàkì 42. Bolton yọ pẹ̀lú 44.

Ẹ wo bí ìfẹ́ àwọn ènìyàn sí i ti rí. Ní ọdún 2003 àti 2004, BBC ní kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ dìbò yan agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tí ó tayọ, ìgbà méjèèjì ni wọ́n sì yan Okocha. Ṣùgbọ́n oyè tí ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà ń fúnni, Samuel Eto'o ọmọ Kamẹrúùnù ni ó gbà á ní ọdún méjèèjì náà. Okocha kò gba oyè náà rí títí ó fi fẹ̀yìntì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìwé ìṣirò ń kà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọkàn ń kà.

Kí ni ó wá fà á tí ọkàn fi ń kà báyìí? Ìdí mẹ́ta ni a rí.

Èkíní ni pé ayò kì í pọ̀ nínú eré bọ́ọ̀lù. Ènìyàn méjìlélógún lè sáré fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kí wọ́n má gbá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sí rárá. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó lè fi ìṣẹ́jú kan yí gbogbo ọjọ́ padà ṣe iyebíye, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sùn ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún yòókù. Àwọn tí ń wòran kò sì ní san owó oṣù fún un. Olùkọ́ni ni yóò dáhùn bí a bá fìdí rẹmi. Ó rọrùn láti ní sùúrù pẹ̀lú ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò kàn ọ́.

Èkejì ni pé ohun tí a kò mọ ìgbà tí yóò dé a máa dè wá mọ́lẹ̀ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, fi ẹyẹlé dán èyí wò, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ ní ọdún 1957. Ẹyẹlé tí ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi ẹnu kan pátákó kò pẹ́ tí ó fi jáwọ́ nígbà tí oúnjẹ dá. Ṣùgbọ́n èyí tí ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìmọ ìgbà tí yóò dé, a máa kan án, a máa kan án, kò ní sinmi. Ọdẹ ilé wa kò nílò ọ̀mọ̀wé láti sọ èyí fún un. Oru mẹ́wàá ni ó lè lọ láìrí nǹkan. Ẹran kan ṣoṣo tí ó pa ní oru kọkànlá ni yóò tún gbé e lọ sí igbó fún ogún oru mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí kì í dúró sójú kan jọ wá. Ta ni nínú wa tí ọwọ́ rẹ̀ ń gún ní ọjọ́ gbogbo? Nígbà tí a bá rí ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn ńlá tí òun náà ń kọsẹ̀, ọkàn wa a máa sọ pé, "Bí ó bá lè dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi náà lè dìde."

Títí dé ibi tí a dé yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìfẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ń bẹ tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìfẹ́ yìí kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1996, ní eré Òlíńpíìkì ní Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì ti gbá ayò mẹ́ta, Nàìjíríà ní ẹyọ kan. A fún Nàìjíríà ní pẹ́nárítì. Okocha gbá a, aṣọ́lé wọn Dida sì mú un kúrò. Ìrètí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tí ó sọ ìrètí jí ni Victor Ikpeba, tí ó gbá ayò kejì. Lẹ́yìn náà ni Kanu gbá méjì sí i, Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú mẹ́rin sí mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí wọ́n ṣẹ́gun Ajẹntínà, wọ́n sì gba wúrà. Ẹni mélòó ni ó rántí lónìí pé Okocha pàdánù pẹ́nárítì ní ọjọ́ náà?

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000, ní Súrùlérè ní Èkó, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé nínú àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Okocha gbá ayò kan tí ó dára, ó di méjì sí méjì, ó sì di pẹ́nárítì. Bọ́ọ̀lù tí Ikpeba gbá kan igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì jáde. Àwòrán fi hàn lẹ́yìn náà pé ó dàbí ẹni pé ó ti kọjá ìlà, ṣùgbọ́n adájọ́ eré kò kà á. Kanu náà pàdánù tirẹ̀, Kamẹrúùnù sì gba ife. Ikpeba kan náà tí ó ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tí ó tayọ ní ọdún 1997, tí ó gba Okocha sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú ní ọdún 1996, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi igi kan ṣoṣo náà rántí títí di òní. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀. Ọ̀kan rí ìdáríjì gbà, èkejì kò rí i, nítorí pé ọ̀kan ń dá wa lára yá, èkejì kàn ń ṣiṣẹ́ fún wa ni.

Ohun kejì ni pé a ń gbàgbé ẹni tí ó ṣe déédéé. Mudashiru Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1976 nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà, èyí tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gbà rí. Láti ọdún 1976 dé 1984, ìgbà márùn-ún léraléra ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife náà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá ayò méjì, Lawal sì gbá ẹ̀kẹta. Ó kú ní ọdún 1991, kò tíì pé ogójì ọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n lè sọ gbogbo ìtàn Okocha láìwo ìwé, mélòó nínú wọn ni ó gbọ́ orúkọ Lawal rí?

Síbẹ̀ kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa tí wọ́n ti gbé ní Abidjan, tí wọ́n sì pọ̀ ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, mọ Rashidi Yekini, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Africa Sports níbẹ̀ láti ọdún 1987 kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Potogí. Yekini kì í fi bọ́ọ̀lù jó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbá a wọlé, ó sì ṣe é títí ó fi gbá 37 fún Nàìjíríà, tí ẹlòmíràn kò tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó fi eré sílẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. A lè kọ́ ojú wa láti rí ẹwà iṣẹ́ tí kò yẹ̀.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé ìròyìn ìdílé nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ni irú ọmọ méjì yìí wà. Ọ̀kan ní ọpọlọ, ó sì yá mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n lónìí yóò ṣe ipò kìíní, ní sáà tí ń bọ̀ yóò wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣe dáadáa, gbogbo ilé a jó, nígbà tí kò bá ṣe dáadáa, ìyá a ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, yóò ṣe é bí ó bá fẹ́." Èkejì ń pọn omi ní àárọ̀, ó ń ka ìwé rẹ̀ ní alẹ́, kò gba ipò kìíní, kò sì kùnà rí. Ẹnikẹ́ni kò jó fún un. Ní ọjọ́ tí ó bá ṣèèṣì fọ́ àwo kan ṣoṣo, gbogbo ilé a pariwo lé e lórí. Àwọn méjèèjì ni a ń ṣe ní ibi. Ọ̀kan ń kọ́ pé ẹ̀bùn ń dípò iṣẹ́. Èkejì ń kọ́ pé iṣẹ́ kì í mú ìfẹ́ wá.

Bí bàbá àti ọmọ bá jókòó láti wo eré, kí bàbá fi ìka han ọmọ náà ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá kí ó tó dé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ayò, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀. Bí olùfẹ́ wa bá sì kọsẹ̀, kí a ní sùúrù fún un bí a ti ń ní tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi irú sùúrù kan náà fún ẹni tí ó kọsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré láti ọdún wọ̀nyí wá. Ọjọ́ kan kọ́ ni a fi ń bọ́ ọmọ tó rù. Ẹni tí ń gbé àwo oúnjẹ wá lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti gbọ́ ọ.