Kí Ni Ó Ń Mu Bátìrì Ọkọ̀ Ilé-Ìwé Wa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ bọ́ọ̀sì funfun tí ó máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ilé ìdáná. Òun ni ó ń gbé ẹgbẹ́ akọrin lọ sí òde, òun náà ni ó sì ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ní sáà tí ó kọjá, ibà kọlu ọmọbìnrin kan ní nǹkan bí agogo méjì òru. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò ṣe ju kí ó dún tá-tá-tá lọ. Ọkọ̀ olùkọ́ kan ni a fi gbé ọmọ náà, ara rẹ̀ sì ti yá.

Bátìrì náà kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sì jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì láàrin ọdún kan. Owó tí ẹ̀yin òbí dá ni a fi rà wọ́n, nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó tọ́ kí a jíhìn bí a ti wádìí ọ̀ràn náà.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fa irú èyí: bátìrì lè ti gbó; alternator tí ń ṣáájì rẹ̀ lè ti bàjẹ́; tàbí kí ohun kan máa mu iná nígbà tí a ti pa ọkọ̀. Mítà kékeré ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, a máa fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn, bí ó bá wá sí 12.0, ó kù díẹ̀ kí ó gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí a rí 13.8 sí 14.5. A ṣáájì tiwa títí ó fi kún: 12.6. A tan ọkọ̀: 14.2. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọkọ̀, 12.0 ni a bá. Olè ń bẹ nínú ilé.

A pe réwáyà. Ó pa gbogbo iná, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó dúró fún ààbọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà ó tú waya dúdú ńlá kúrò ní orí bátìrì, ó sì fi mítà, tí ó ti yí sí ámúpù 10, sí àárín àwọn méjèèjì. (Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, fíúsì inú rẹ̀ yóò jó.) Ámúpù 0.03 ni ó rí. Ohun tí kò bá ju 0.05 lọ kò léwu, nítorí náà ó ní ọkọ̀ kò ní àrùn. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì wa ni ó ṣàkíyèsí pé waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà lórí bátìrì, èyí tí mítà kò kà rárá. Nígbà tí wọ́n tú méjèèjì pọ̀, 0.8 ni ó jáde. Bátìrì tí ó lè fúnni ní ámúpù 1 fún wákàtí 75 kò lè fara da èyí fún ọjọ́ mẹ́rin.

A tọ waya náà dé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn: inverter ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn akọrin ni, tí ẹnìkan ti so mọ́ bátìrì tààrà láìní fíúsì. Bí kò tilẹ̀ gbé ohunkóhun, ó ń mu iná tọ̀sántòru. (Bí a bá gba inú àpótí fíúsì so ó ni, yíyọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mítà yóò fi já wálẹ̀ ì bá ti tú u fó.)

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń gbé yàrá ìsùn lé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn mọ ìṣòro yìí dáadáa. Bátìrì kan ni wọ́n fi ń tan ọkọ̀, òmíràn ni wọ́n fi ń tan gílóòbù àti fíríìjì, ẹ̀rọ kékeré kan a sì máa so méjèèjì pọ̀ kìkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti ṣe, pẹ̀lú fíúsì nítòsí orí bátìrì kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì tí a fi ń tan ọkọ̀ kì í fẹ́ kí a mu ún gbẹ. Bí ó bá gbẹ tí a sì fi í sílẹ̀, ohun líle bí iyọ̀ a máa bo òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ nìyẹn. A ti sọ fún ẹni tí ó tà á fún wa pé ayédèrú ni. A ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìsinmi Ọdún Àjíǹde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí ọkọ̀ kò kúrò lábẹ́ máńgòrò, 12.4 ni awakọ̀ kà lórí mítà. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì dáhùn.