Lẹ́tà owó ìtúsílẹ̀: ṣé ọwọ́ ìkọ̀wé lè tú àṣírí apààyàn?

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1996, ìdílé Ramsey ní Boulder, Amẹ́ríkà, jí bá lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta nílé wọn. Ó ní wọ́n ti jí JonBenét, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé, kí wọ́n san 118,000 dọ́là. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n rí òkú ọmọ náà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé wọn. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Inú ìwé tó wà nílé náà ni wọ́n ti ya tákàdá ọ̀hún. Àwọn tó kọ ọ́ pe ara wọn ní àjèjì. Ta ní ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ṣi “business” kọ, síbẹ̀ wọ́n kọ “attaché” tàmì-tàmì. Àwọn kan fura pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni.

Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ ní kì í ṣe ọwọ́ bàbá; ti ìyá, wọn kò lè sọ pé òun ni tàbí òun kọ́. Lọ́dún 2008, agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀ wẹ ìdílé náà mọ́ nítorí àyẹ̀wò DNA.

Nílé wa níbí, Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba ilé ẹjọ́ láàyè láti fi ìkọ̀wé wéra. Ẹ̀yin ará Ìṣẹrì Olówóra, bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má jẹ́ kó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ gbé e fún ọlọ́pàá. Bí ìkọ̀wé ọmọ aládùúgbò bá sì jọ ọ́, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di apààyàn.