Ìtànṣán X-ray: Ẹ má sá fún un, ẹ má sì fi ṣeré

Bí dókítà bá ní kí àgbàlagbà kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀ra-Ìgbómìnà lọ ya X-ray, ó lè kọ́kọ́ béèrè pé: "Ṣé iná ẹ̀rọ yẹn kò ní pa mí lára?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tí ojú kò rí, tí kì í sì í ta ni lára bó ṣe ń wọlé, ó yẹ ká ṣọ́ra fún un. Àmọ́ ẹ̀rù nìkan kò tó, òṣùwọ̀n ló kù.

Irú ẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Àwọn tó ti gbọ́njú ní February 13, 1960 á rántí pé Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Láti Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Ní January 1961, Nàìjíríà já okùn àjọṣe òun àti Faransé. Lọ́dún 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti máa wọn ìtànṣán. Láti ọdún 2001 ni àjọ NNRA ti ń bójú tó lílo ìtànṣán káàkiri Nàìjíríà.

Bí kóńgò ṣe wà fún gàrí, òṣùwọ̀n wà fún ìtànṣán. Gray ń sọ bí agbára ìtànṣán tó wọ ara ṣe pọ̀ tó. Sievert ń sọ bí ewu rẹ̀ ṣe tó. Millisievert 1,000 ló wà nínú sievert kan. X-ray àyà kì í sábà ju 0.1 millisievert lọ. Èyí tí èèyàn ń gbà lọ́dún láti inú ilẹ̀, òkúta, oúnjẹ àti òfuurufú jẹ́ nǹkan bíi 2.4 kárí ayé. CT scan ikùn lè tó 10.

Bí ìtànṣán bá wọ ara, ó lè já DNA inú sẹ́ẹ̀lì. Ara máa ń tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Bí àtúnṣe náà kò bá gún, jẹjẹrẹ lè yọjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: gray 1 sí gbogbo ara lè fa èébì, kó sì ba mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bó bá tó gray 4, tí kò sí ìtọ́jú, ó lè pa ìdajì àwọn tó bá kàn.

Nítorí náà, aláboyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó yà á. Bí ẹ bá ń ti Ìlá lọ sílé ìwòsàn ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, ẹ mú fọ́tò X-ray àtijọ́ dání, kí wọ́n má baà tún un yà láìnídìí. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ dúró sẹ́yìn ògiri, ẹ má fòyà: ojoojúmọ́ ni tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni tiyín.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àìsàn tó ń ṣe yín ló yẹ kó sọ iye ìtànṣán tí ẹ máa gbà, kì í ṣe ẹ̀rù.