Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìtàn Àfàwòránsọ: Láti Ilẹ̀kùn Ògògà dé Ọ̀dọ̀ Ayàwòrán Titun

Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Abala méjì ni ilẹ̀kùn náà ní. Ní abala òsì, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní abala ọ̀tún, Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀. Àwọn ènìyàn gbé e rù, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní.

Ọ̀dọ́ tí ó bá wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùré lónìí, tí ó sì ń gbaradì láti ya ìwé ìtàn tirẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí ó tan mọ́ ti Ọlọ́wẹ̀ ni ó dáwọ́ lé: ó fẹ́ fi àwòrán sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jókòó láti pète iṣẹ́ náà, tàbí bí olùkọ́ bá fẹ́ là á lóye, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó dúró sójú kan fún ohun èlò iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi pète. Ṣàṣà sì ni ẹni tí ń fi èdè kan pète iṣẹ́ tí kì í fi èdè náà parí rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 kárí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ayàwòrán kò sí lára ohun tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ nígbà náà.

Àgbègbè yìí kò ṣaláì ní ayàwòrán. Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní ọdún 1916, ni ó fi orúkọ Lash ya àwòrán nínú West African Pilot láti ọdún 1944, tí ó ń fi gègé bá ìjọba amúnisìn wí. Délé Jẹ́gẹ́dẹ́, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọdún 1945, jẹ́ olóòtú iṣẹ́ ọnà ní Daily Times láti ọdún 1974 sí 1977 kí ó tó di ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà. Òun ni ó ya “Kole the Menace”. Ẹ wo orúkọ náà: ọmọ Yorùbá ni Kọ́lé, oyè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba àwọn ayàwòrán wọ̀nyí síṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí lórí èyí. Ohun tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè bi ara wọn ni ohun tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ de ẹni tí kò bá fẹ́ gba ọ̀nà náà mọ́.

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pe àwòrán tí ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ náà dára, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá kì í ṣe àwàdà lásán. Ìbáwí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé odidi tí ó ń sọ ìtàn ogun, ìfẹ́ tàbí ọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìwé tí Will Eisner ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978, èyí tí ó jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ìtàn aláwòrán” ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn atúmọ̀-èdè. Bí ènìyàn bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, ìtàn ni olórí. Àwòrán jẹ́ ohun tí ìtàn náà ní, gẹ́gẹ́ bí aṣọ alápò ṣe jẹ́ aṣọ tí ó ní àpò. Bí wọ́n bá tú àpò kúrò, aṣọ ṣì ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní ọdún 1968. Àwòrán náà lẹ́wà, síbẹ̀ bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, Àkàrà-ògùn yóò ṣì dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ wá fi èyí wé Atọ́ka, ìwé ìròyìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó ní ọdún 1967, tí ó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lójú fọ́tò ní èdè Yorùbá. Bí wọ́n bá yọ fọ́tò kúrò nínú Atọ́ka, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlẹ́nu ni yóò kù. Nítorí náà, orúkọ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ni *ìtàn àfàwòránsọ*: à + fi + àwòrán + sọ, lórí àwòṣe àfọwọ́kọ àti àfẹnusọ. Àwòrán ni ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Èyí tí ó bá sì gùn tó ìwé ni *ìwé ìtàn àfàwòránsọ*. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gùn ju iṣẹ́ náà lọ.

Inú ojú-ìwé ni ìṣòro kejì wà. Ojú-ìwé irú ìtàn yìí pín sí wẹ́wẹ́, àwòrán kan sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń pe ìpín náà ní fírémù, àwọn mìíràn ní àpótí. Àpótí ń mú ènìyàn ronú ohun tí wọ́n pa dé, bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣí sílẹ̀ ni ìpín yìí ṣí, kí òǹkàwé lè wo inú rẹ̀. *Ojú-àwòrán* ni ó dára jù: bí ojú-ìwé ṣe jẹ́ ìpín ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ojú-àwòrán jẹ́ ìpín ojú-ìwé. Àwọn ojú-àwòrán tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti òsì dé ọ̀tún ni *ọ̀wọ́*. *Ìran* ni kí wọ́n fi pe àkójọ ojú-àwòrán tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibì kan náà, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé eré-onítàn ti sọ ọ́ di ti ara wọn tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba àròjinlẹ̀ jù ni orúkọ ààyè funfun tí ó wà láàárín ojú-àwòrán méjì. Orúkọ ojú àgbàrá ẹ̀bá títì ni Gẹ̀ẹ́sì fi pè é. Atúmọ̀ tí ó bá sáré gbé “gọ́tà” wọlé yóò kàn mú ayàwòrán lọ bá ìdọ̀tí ni. Ààlà kò bá a mu, nítorí pé iṣẹ́ ààlà ni láti ya oko lágbájá sọ́tọ̀ kúrò lára oko làmọ̀rín, tí ààyè yìí sì ń so nǹkan pọ̀. *Àlàfo* ni ọ̀rọ̀ náà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ Yorùbá kò tíì sọ fún rí pé kí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo. Ohun kan náà gan-an ni òǹkàwé ìtàn àfàwòránsọ ń ṣe. Ó rí ọkùnrin tí ó gbé àdá sókè nínú ojú-àwòrán kan. Ó rí igi tí ó wó lulẹ̀ nínú èkejì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gé igi náà, nínú àlàfo.

Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ fi èyí hàn kedere. Ọba wà ní abala kan, àlejò ń bọ̀ ní abala kejì, ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí sì wà láàárín wọn. Ojú ẹni tí ń wò ó ni ó ń mú wọn pàdé. Síbẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fi ìwúrí sọ ohun tí Ọlọ́wẹ̀ kò ṣe. Bí àwọn ọ̀wọ́ ilẹ̀kùn náà ṣe wà lórí ara wọn, ipò àti àwọn ènìyàn tí ó yí ẹni ńlá ká ni wọ́n ń fi hàn. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ó wà lókè. Nínú ìwé, àkókò ni ọ̀wọ́ ń tẹ̀ lé. Ayàwòrán titun gbọ́dọ̀ pinnu ọ̀nà tí ojú òǹkàwé yóò gbà: ní Jàpáánù, láti ọ̀tún ni àkókò ti ń lọ sí òsì, fún ẹni tí ń ka Yorùbá, òsì ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn ni ó kàn. Nínú ohun roboto kan lókè orí wọn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ti wọ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di bàálù tí ń fò lójú ọ̀run, kò sì lè padà wálẹ̀ mọ́. *Àpò ọ̀rọ̀* tó fún un. *Àpò èrò* ni kí ti ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń rò nínú sì máa jẹ́. Ìdí tí àpò fi dára ju ohun mìíràn lọ ni pé àpò ní ẹnu. Apá ṣóńṣó tí ó kọjú sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ìrù ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ní Yorùbá, *ẹnu àpò* ni, ẹnu sì ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ asọ̀tàn ni yóò wà nínú *àpótí asọ̀tàn*, tí ó ní igun mẹ́rin. Níbí ni àpótí ti wúlò.

Pípín tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ asọ̀tàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn báyìí ṣe pàtàkì fún ọmọ gúúsù Èkìtì ju bí ó ṣe rò lọ. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi *u* bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ń ṣe bẹ́ẹ̀: *ulé* ni ilé, *ugi* ni igi. Bí ìyá arúgbó kan ní Ẹmùré bá ń sọ Yorùbá inú ìwé nínú àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ lè jọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ní jọ ọ́. Kí àpótí asọ̀tàn máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, kí àpò ọ̀rọ̀ sì máa sọ Èkìtì.

Àmì ohùn ni ó lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Lẹ́tà ńlá ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń kọ sínú àpò, ìlà a sì fún mọ́ ìlà. Bí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn bá kọ OKO MI DA báyìí láìsí àmì, ọkọ ni obìnrin náà ń wá, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀? Ènìyàn lè rò pé àwòrán yóò ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọnù ni obìnrin ń wá. Kò sí níbẹ̀ láti yà. Yorùbá ní àmì lókè, ó ní ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ìlà rẹ̀ ń fẹ́ ààyè ju ìlà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ayàwòrán tí ó bá ya àwòrán tán kí ó tó wá ibi tí ọ̀rọ̀ yóò wà, àmì ni yóò kọ́kọ́ gé dànù. Ọ̀rọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kọ sójú-ìwé, kí ó fa àpò yí i ká, kí ó tó ya ènìyàn sábẹ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ afarawé-ìró, tí Yorùbá fi ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn dún kó-kó-kó; èyí tí wọ́n fi ìbínú pa dé dún gbàgà; ẹrù tí ó jábọ́ dún gbì. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó gbé ìwọ̀n gbì. Bí àmì bá sọnù, ẹrù náà fúyẹ́. Àmọ́ *fìrì*, tí ẹnì kan gbà kọjá, kì í ṣe ìró rárá, ìrísí ni. Ṣé kí ayàwòrán kọ ọ́ sójú àwòrán, àbí kí ó fi ìlà yà á? 

Ní ti ètò iṣẹ́, àwọn agbẹ́gilére ti pín in sílẹ̀ tán. Nínú ìwé tí Kevin Carroll, àlùfáà tí ó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, ṣe ní ọdún 1967, ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn: *ọnà lílé*, tí wọ́n fi ń la igi sí ìrísí gbàǹgbà, *àlétúnlé*, tí orí, apá àti ẹsẹ̀ fi ń yọ, *dídán*, tí ara igi fi ń jọ̀lọ̀, àti *fínfín*, tí wọ́n fi ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ ọnà wẹ́wẹ́ sára rẹ̀. Ayàwòrán lè gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọnà lílé ni àwòrán kékeré tí ó fi pín ojú-ìwé, lẹ́yìn tí ó bá ti kọ ìlapa èrò ìtàn náà. Àlétúnlé ni lẹ́ẹ̀dì. Dídán ni tàdáwà tí ó gba orí lẹ́ẹ̀dì. Fínfín ni irun, àdìrẹ àti ilà ojú. Kí ó tó dé ìkankan nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ ya *àwòyà* ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò máa wò ya ẹni náà láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, kí bàbá tí ó ga ní ojú-ìwé 2 má baà kúrú ní ojú-ìwé 20.

Kí ó sì ṣírò. Ìwé tí ó ní ojú-ìwé 96, tí ojú-àwòrán 6 wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ní ojú-àwòrán 576. Bí ó bá ń parí 3 lójúmọ́, ọjọ́ 192 ni, láìka ọjọ́ tí iná kò sí àti ọjọ́ ọjà. Ìtàn olójú-ìwé 8 ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, kí ó gbé e fún ẹnì kan tí kò mọ ìtàn náà, kí ó sì dákẹ́ bí ẹni náà ti ń kà á. Níbi tí òǹkàwé bá ti padà sẹ́yìn láti tún wo ojú-àwòrán tí ó ti kọjá, àlàfo ibẹ̀ ni ó fẹ̀ jù.