Oyin àti Orúkọ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé oyin lónìí.

Bí ènìyàn ti ní agboolé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe pín kòkòrò. Agboolé oyin ni wọ́n ń pè ní Apidae. Inú rẹ̀ ni oyin tí ń ta ni wà, òun àti oyin kékeré aláìlóró tí a máa ń bá nínú ihò igi. Agbọ́n kì í ṣe ọmọ agboolé náà rárá.

Ní ọdún 1758, Linnaeus, ará Sweden, sọ oyin tí ń ta ni ní Apis mellifera, èyíinì ni arù-oyin. Ní 1761 ó fẹ́ yí i padà sí mellifica, aṣe-oyin, nítorí pé omi òdòdó ni kòkòrò náà ń rù wálé. Ilé ló ti ń sọ ọ́ di oyin. Ó ti pẹ́ jù. Òfin àwọn onímọ̀ ni pé orúkọ àkọ́sọ ni yóò dúró.

Ní 1804, Latreille, ará Faransé, sọ oyin ìhà tiwa ní adansonii, ní ìrántí Adanson tó ti gbé ní Senegal rí. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi orúkọ yìí pe gbogbo oyin ilẹ̀ Áfíríkà tó móoru. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ní 1956, Kerr kó oyin láti gúúsù àti ìlà oòrùn Áfíríkà lọ sí Brazil. Ní 1957, ọ̀wọ́ 26 sá lọ. Wọ́n bá oyin Yúróòpù tó wà níbẹ̀ da ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìran wọn sì ta ènìyàn àti ẹran pa. Adansonii ni ìwé kọ́kọ́ pè wọ́n! Ruttner, tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló wọn ìyẹ́ àti ara oyin oríṣiríṣi. Ìwé rẹ̀ ti 1988 fi hàn pé scutellata ni oyin tí Kerr kó lọ. Ìbátan oyin wa ni, kì í ṣe òun gan-an.

Oyin wa náà mọ̀ ọ́n ta, a kò ní purọ́ gbè é. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn kọ́ ọ lọ́rùn. Bí agbọ́n bá ta ọmọ yín, ẹ má dáná sun ilé oyin. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè agboolé rẹ̀.