Rírà, Ìṣákọ́lẹ̀ àti Owó Ìwọlé: Ẹ̀tọ́ Oníbàárà lórí Fíìmù àti Orin Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá ra ẹní lọ́wọ́ àwọn ahunní Ọ̀gọ̀tún-Èkìtì, tí ó sì san owó rẹ̀ tán, ẹní ti di tirẹ̀. Ó lè sùn lé e, ó lè yá aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó, ó lè tà á fún ẹlòmíràn, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ahunní kò ní wá ká a lábẹ́ rẹ̀ lóru nítorí pé àárín òun àti ẹni tí ń kó ohun èlò wá fún un ti dàrú. Ẹni tí ó bá sanwó fún fíìmù tàbí ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tí ó sì tẹ ibi tí wọ́n kọ “rà” sí, kò ní irú ìdánilójú yìí. Ohun tí ó rò pé òun rà lè pòórá láìjẹ́ pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà, bí ó ṣe kan títa ẹ̀dà ayédèrú, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ó jẹ onímọ̀ Yorùbá lógún. Agbègbè Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ni a ti mú àpẹẹrẹ ìbílẹ̀, a sì fi ìrírí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Kókó àlàyé náà ni pé àṣà àti èdè Yorùbá ti ya ìbáṣepọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀: sísan owó ìwọlé, sísan ìṣákọ́lẹ̀, àti rírà. Ìjà tí ó wà nílẹ̀ lónìí wáyé nítorí pé àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi orúkọ ìkẹta pe ohun tí kò tilẹ̀ tó ìkejì.

Ìbáṣepọ̀ mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni owó ìwọlé. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ bíbí Òkè-Mẹ̀sí, wà lára àwọn aṣáájú eré alárìnkiri Yorùbá. Ẹni tí ó bá sanwó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré mọ̀ pé eré alẹ́ ọjọ́ kan ni òun sanwó fún. Bí eré bá parí, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun ti ra eré náà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ìkejì ni ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó lè gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, kí ó sì jẹ èrè wọn, ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì lè gbin kòkó tàbí obì sí i láìgbàṣẹ. Síbẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ní ààbò tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń san ohun tí ó yẹ, tí kò sì sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀, onílẹ̀ kì í kàn dédé lé e kúrò. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá a máa jogún ìlò ilẹ̀ náà. Bí ìjà bá dé, àwọn àgbà tàbí kóòtù ni yóò gbọ́ tẹnu tọ̀tún-tòsì.

Ìkẹta ni rírà, tí àpẹẹrẹ ẹní Ọ̀gọ̀tún ti fi hàn. Nínú rírà, agbára lórí ohun náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á pátápátá. Ìyẹn ni ó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu.

Láti orí kásẹ́ẹ̀tì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orin àti fíìmù tẹ̀lé ìlànà ẹní yìí. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kásẹ́ẹ̀tì, fídíò àti síídì jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, tí ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Ìpótì-Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Bitter Experience, jáde lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tí ó bá a ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ẹni tí ó ra kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà yẹn, tí ó sì tọ́jú rẹ̀, ṣì ni ín títí di òní. Olórin ni ó ni orin, ṣùgbọ́n oníbàárà ni ó ni kásẹ́ẹ̀tì.

Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti fìdí ìyàtọ̀ yìí múlẹ̀ láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Bobbs-Merrill àti Straus. Atẹ̀wé kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní iye tí ó dín sí èyí tí òun là sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní lẹ́yìn títà àkọ́kọ́, atẹ̀wé kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ẹ̀dà tí ó ti tà.

Nǹkan yí padà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì di ọjà. Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, fíìmù Yorùbá bíi Aníkúlápó (2022) àti Jagun Jagun (2023) sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran káàkiri àgbáyé. Owó ìwọlé ni owó oṣooṣù tí à ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí owó bá tán, ilẹ̀kùn a tì. Fíìmù tí a gbà sínú fóònù nípasẹ̀ áàpù wọn náà kò ní ṣeé wò mọ́. A lè ní ó wọ́n, a lè ní dátà kò tó, ṣùgbọ́n orúkọ àti ìṣe bá ara wọn mu. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Bọ́tìnnì tí ó ní “rà”

Ibòmíràn ni ẹ̀tàn wà. Àwọn ilé-ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ń ta fíìmù, ìwé àti géèmù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ “rà” sí ibi tí oníbàárà yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn gígùn tí ènìyàn díẹ̀ ń kà, wọ́n kọ ọ́ pé ìyọ̀ǹda láti lo nǹkan náà ni àwọn fún un, àti pé àwọn lè gbà á padà.

Wọ́n sì ti gbà á padà rí. Ní oṣù Keje ọdún 2009, Amazon yọ àwọn ẹ̀dà 1984 àti Animal Farm tí George Orwell kọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle àwọn tí wọ́n ti sanwó fún wọn, nítorí pé ẹni tí ó kó wọn wá sórí àtẹ kò ní àṣẹ láti tà wọ́n. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2019, Microsoft ti ilé-ìtajà ìwé rẹ̀ pa. Àwọn ìwé tí oníbàárà ti rà dẹ́kun ṣíṣí, wọ́n sì dá owó wọn padà. Dídá owó padà dára, ṣùgbọ́n kò dà bí kí ohun ẹni wà lọ́wọ́ ẹni. Kò sí ahunní tí yóò ká ẹní oníbàárà kí ó sì sọ pé owó ẹní nìyí.

Bí a bá fi èyí wé ìṣákọ́lẹ̀, àgbẹ̀ alákọ́lẹ̀ sàn ju oníbàárà orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. A kì í lé àgbẹ̀ láìsí ẹ̀ṣẹ̀ àti láìgbẹ́jọ́. Oníbàárà lè pàdánù fíìmù rẹ̀ nítorí pé àdéhùn láàárín ilé-ìtajà àti ilé-iṣẹ́ fíìmù parí. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ ń jogún ìlò ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà kí ọmọ jogún ohun tí bàbá rẹ̀ rà.

Àwọn ilé-ẹjọ́ òkèèrè kò tíì fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ Yúróòpù dá a láre nínú ẹjọ́ UsedSoft pé ẹni tí ó ra ètò kọ̀ǹpútà lè tún un tà. Nígbà tí ó di ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Tom Kabinet, ilé-ẹjọ́ kan náà ní èyí kò kan ìwé orí ẹ̀rọ. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn: òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 kò jẹ́ kí oníṣòwò kọ “rà” láìṣàlàyé kedere pé ìyọ̀ǹda ìlò ni ohun tí ó ń tà. Òfin náà kò sọ ìyọ̀ǹda di ohun-ìní. Ó kàn ní kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé rírà tòótọ́ ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2009 ni Apple ti ń ta orin ní iTunes láìfi àgádágodo kankan sí i. Ẹni tí ó bá gba irú orin bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Fíìmù ni àgádágodo ṣì wọ́pọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ̀dà ayédèrú kì í ṣe àtúnṣe

Ní gáréèjì àti ẹ̀bá ọjà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tí ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú, tí ó ń kó orin àti fíìmù sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún owó díẹ̀. Ìkànnì Telegram náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olùgbèjà àṣà yìí nílẹ̀ òkèèrè ti ní àwíjàre kan tí ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa: bí rírà kò bá ti jẹ́ níní mọ́, ẹni tí ó mú un láìsanwó kò jalè.

Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó tọ̀nà láti sọ pé ẹni tí ó kọ “rà” sí ohun tí kò tà ti purọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn di ti gbogbo ayé. Ẹni tí ó tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ó ti sanwó fún kò jọ ẹni tí ń kó o fún ẹgbẹ̀rún àlejò. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ìyà náà bà kì í ṣe ẹni tí ó kọ bọ́tìnnì. Túndé Kèlání àti Kúnlé Afọláyan wà lára àwọn aṣefíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ké gbàjarè ní gbangba lórí ohun tí àwọn oníṣòwò ẹ̀dà ayédèrú ṣe fún iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó jí epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ìbáwí náà kan ẹni tí ń rà pẹ̀lú ẹni tí ń tà.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ, èyí tí ó fún ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ní àṣẹ lórí ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀, ni a tún ṣe ní ọdún 2022. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ó rọ́pò òfin ọdún 1988. Òfin tuntun yìí fún oníṣẹ́ ní ọ̀nà láti kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ẹ̀dà ayédèrú kúrò. Ó fi àyè sílẹ̀ fún lílò tí ó tọ́, bíi ti ìlò ara ẹni àti ìwádìí tí kì í ṣe fún èrè. Ṣùgbọ́n ó tún de jíjá àgádágodo tí a fi sí iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Nítorí náà, àyè tí òfin fi sílẹ̀ lápá kan lè di ohun tí oníbàárà kò lè dé ibẹ̀ nítorí àgádágodo.

Òfin kejì ni ti ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí Àjọ FCCPC ń mú ṣẹ. Ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ àlàyé ní èdè tí ó yé e, ó sì kọ ìpolówó tí ń ṣini lọ́nà àti àdéhùn tí ó ni oníbàárà lára. Irinṣẹ́ tí ó lè yanjú ọ̀rọ̀ “rà” ti wà nínú òfin yìí láìdúró de òfin tuntun. Bí Àjọ náà bá ní kí ilé-ìtajà tí ń tajà ní Nàìjíríà sọ ìyọ̀ǹda ní ìyọ̀ǹda, àwíjàre olùgbèjà ẹ̀dà ayédèrú yóò pàdánù ìdajì òótọ́ tí ó fi ń dúró.

Ohun tí ó kan onímọ̀ Yorùbá

Ní ọdún 1963, Ògúnmọ́lá sọ ìtàn Ọ̀mu tí Amos Tutùọlá kọ di eré orí ìtàgé, Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Ògúnmọ́lá kú ní ọdún 1973. Eré rẹ̀ ṣì ṣeé kà lónìí nítorí pé ẹnìkan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí téèpù, tí a fi ṣe àdàkọ rẹ̀, tí Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1968. Bí téèpù náà bá wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ó lè pa á rẹ́ láti òkèèrè, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ kò ní rí ju orúkọ lọ.

Irú ewu yìí ni ó wà lórí iṣẹ́ òde òní. Òfin ọdún 2022 yọ̀ǹda ìlò pàtàkì kan fún ilé-ìkàwé àti ilé àkójọ, ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé kò lè tọ́jú ohun tí kò fi ìgbà kankan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fíìmù tí ó wà lórí Netflix nìkan, tàbí orin alámọ̀ tí ó wà lójú ìwé ẹnìkan ṣoṣo lórí Facebook tàbí YouTube, lè lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Òfin Ilé-ìkàwé Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1970 ní kí atẹ̀wé fi ẹ̀dà ìwé mẹ́ta ránṣẹ́; Ilé Àkójọ Fíìmù, Fídíò àti Ohùn ti Orílẹ̀-èdè sì wà ní Jos. Ohun tí ó kù ni kí irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ kan fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀dà kan tí kò ní àgádágodo wà níbi ìtọ́jú, kódà bí gbogbo ènìyàn kò bá lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé owó oṣooṣù jẹ́ owó ìwọlé, kò sì sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí a ń pè ní rírà ni ó mú ìjà wá, nítorí pé ó gba owó ohun-ìní, ó sì fúnni ní ohun tí kò tó ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀dà ayédèrú kò wo àìsàn náà sàn. Ọmọ Yorùbá tí ń ṣe fíìmù ni ó ń dá lóró. Nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe: kí Àjọ FCCPC béèrè òtítọ́ lórí bọ́tìnnì, kí àwọn olórin àti aṣefíìmù tí ó bá ṣeé ṣe fún ta ẹ̀dà tí ó di ti oníbàárà ní tòótọ́, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, pàápàá ní Èkìtì, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀dà fún ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ náà ṣì wà láàyè láti fọwọ́ sí i.