"Ta Nìyí?": Irinṣẹ́ Tó Yẹ Ká Fi Máa Tún Fọ́tò Ṣe Nínú Ilé

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ìkánjú fojú mi rí ní Dọ̀pẹmú níbí.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó re ìwàlẹ̀ àsà. Nígbà tí ikán bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bébà rẹ̀, mo fi fóònù yà á. Lẹ́yìn náà ni mo gba ètò kan tó ń dá tún ojú ṣe sórí fóònù. Mo tẹ ibì kan ṣoṣo, ojú bàbá sì ń dán bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé e fún ìyá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta nìyí?" Àṣé àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti pòórá! Ètò náà ka ilà sí àbàwọ́n, ó sì pa á rẹ́. Èyí tó burú jù ni pé orí ojúlówó gan-an ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ikán ti jẹ bébà náà tán.

Èmi kò sọ pé kí a má tún fọ́tò ṣe o. Ó ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń ṣe é. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, ayàfọ́tò a tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dá sí. Ohun tó yẹ kí àwa náà kọ́kọ́ bi ara wa nìyẹn.

Oníṣòwò tó fẹ́ fi ọjà han oníbàárà, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ gé fọ́tò ọmọ ilé-ìwé kó ṣe déédéé, Snapseed ti tó o lórí fóònù. Google ló ni ín láti ọdún 2012, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń gé etí fọ́tò, ó ń mú kí èyí tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ sí i, ibi tí ẹ bá sì fi ìka tọ́ nìkan ni yóò pa àbàwọ́n rẹ́.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà, kó lo GIMP. Láti ọdún 1996 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà. Ó gba sùúrù láti kọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó tọ́jú iṣẹ́ yín, inú fáìlì tirẹ̀ tí a ń pè ní XCF ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kì í fọwọ́ kan fọ́tò tí ẹ gbé fún un.

Photoshop, tó jáde ní ọdún 1990, ni ọ̀gá láàárín wọn, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun ni kó san án.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, kí ẹ fi ojúlówó pamọ́ síbòmíràn, orí ẹ̀dà sì ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wo fọ́tò ìdílé, tí wọn yóò béèrè pé, "Ta nìyí?"